Ìbọn Wo Ni Kí N Gbé Lọ sí Nàmíbíà?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Houston ni mò ń gbé. Ọdẹ ni bàbá mi títí wọ́n fi lọ, èmi náà sì máa ń pa àgbọ̀nrín ní Texas níbí. Ráífù .30-06 àlòkù kan ni mò ń lò. Lóṣù keje ọdún tó ń bọ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ ṣọdẹ lóko kan nítòsí Windhoek ní Nàmíbíà. Kúdù kan, gemsbok kan (ẹran igbó ńlá oníwo gígùn ni méjèèjì), ìmàdò kan, bóyá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà kan, ni mo ní lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ mi ní ìbọn mi kéré sí ẹran Áfíríkà, pé .375 ni kí n rà. Ọmọ tó ń ta ìbọn fún wa ní kí n kúkú ra .416. Owó rẹ̀ kò kéré. Bí ẹfọ̀n bá wá yọ sí mi ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ìbọn wo ni kí n rà? Mo tún ń gbèrò láti gba Èkó yà sílé lẹ́yìn ọdẹ náà, kí àwọn ẹbí lè rí ìbọn yẹn.”

Àbúrò mi, má tíì náwó. Fún ẹni tí kò mọ̀, nọ́ńbà bíi .375 àti .416 ń sọ bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó ní íǹṣì. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ ká gbogbo ẹran tó o dárúkọ, bí o bá ra ọta tó dáa sí i, tí o sì fi oṣù mélòó kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn lórí ìdúró. Ìbẹ̀rù mẹ́ta ló so kọ́ra nínú ìwé rẹ. O ń bẹ̀rù pé ẹran ọ̀hún lè ju agbára ìbọn rẹ lọ, pé ẹran búburú lè já lù ọ́, àti pé ojú lè tì ọ́ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ. Ẹ̀kẹta yẹn ni ọmọ tó ń ta ìbọn rí tó fi ń pe .416 sí ọ.

Ká ti ibi ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ní Nàmíbíà, ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni ẹfọ̀n pọ̀ sí, ní agbègbè Zambezi tí wọ́n ń pè ní Caprivi tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún wà nínú ọgbà ìjọba ní Waterberg. Ìjọba wọn kò fi ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n ṣeré rárá, torí ó lè gbé àrùn ẹsẹ̀-àti-ẹnu wá bá màlúù. Odi wáyà gígùn kan ló pààlà láàárín ìhà àríwá àti ilẹ̀ àwọn tó ń sin màlúù nísàlẹ̀. Lóko tó wà nítòsí Windhoek, ẹfọ̀n kì í ṣàdédé yọ síni. Bó bá tiẹ̀ yọ, ẹran tí kò sí nínú ìwé àṣẹ rẹ kì í ṣe tìrẹ láti yìnbọn sí. Ọdẹ ibẹ̀ tó ń fi yín mọ̀nà ni ààbò yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn wà lórí òkè wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an kì í fẹ́ kẹ́ni rí òun. Paramọ́lẹ̀ ni kí o máa ṣọ́ra fún, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ yóò sì wúlò fún ọ ju .416 lọ.

Ní ti agbára ìbọn, òfin Nàmíbíà kò wo bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó. Agbára tí ọta gbé jáde lẹ́nu ìbọn ni wọ́n ń wò, júùlù sì ni wọ́n fi ń kà á. Fún springbok, ẹran oníwo kékeré, àti irú rẹ̀, kò gbọdọ̀ dín ní 1,350. Fún kúdù, gemsbok àti àwọn ẹran tó tó wọn, 2,700. Fún ẹfọ̀n àti erin, 5,400. Bí .30-06 rẹ bá yin ọta 180 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) tó ń sáré bí ẹsẹ̀ bàtà 2,700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára rẹ̀ sún mọ́ 3,950 júùlù. O rí i pé o ti kọjá ààlà kúdù dáadáa. .375 ń gbé bíi 5,780, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbà á fún ẹfọ̀n. Kúdù tó ti di akọ gidi lè wọ̀n 200 sí 270 kílò. Mo mọ̀ pé ìyẹn ju àgbọ̀nrín Texas lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó sì yẹ kó mú ẹni ronú. Ṣùgbọ́n elk, àgbọ̀nrín ńlá Amẹ́ríkà, tí àwọn ará Colorado ń fi .30-06 pa lọ́dọọdún máa ń wọ̀n ju kúdù lọ, kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún wọn pé ìbọn wọn kéré.

Ọ̀rọ̀ “ìbọn Áfíríkà” yìí ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ilé iṣẹ́ ìbọn méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Rigby gbé .416 jáde ní 1911, Holland & Holland gbé .375 jáde ní 1912. Nígbà yẹn, erin nítorí eyín rẹ̀, ẹfọ̀n àti kìnnìún ló gba ọkàn àwọn òyìnbó tó ń ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn ẹran tó lè yíjú padà pa ọdẹ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́, kò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri. Ní 1905, ará Berlin kan tó ń ṣe ìbọn, Otto Bock, ṣe ọta 9.3×62 tó bá ìbọn Mauser lásán mu, kí àwọn àgbẹ̀ Jámánì tó wà ní Áfíríkà lè rí ìbọn tí owó rẹ̀ kò gani lára. Lónìí, bí o bá ṣí àpótí ìbọn olóko ará Nàmíbíà, .30-06, .308 tàbí 7×57 ni ojú rẹ máa kọ́kọ́ rí. Àwọn kan á tún sọ ìtàn W. D. M. Bell fún ọ, ọmọ Scotland tó pa erin tó lé ní ẹgbẹ̀rún, tó sì jẹ́ pé ìbọn kékeré, pàápàá 7×57, ló fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bell mọ ibi tí ọpọlọ erin wà nínú agbárí, ó sì lè fi ọta kan bá a láti ìhà èyíkéyìí. Ẹni tí kò bá ní ojú Bell kò lè fi ìbọn Bell ṣọdẹ, òfin òde òní kò sì ní gbà fún un. Mo mú un wá torí ó fi hàn pé ibi tí ọta bọ́ sí ló ń pa ẹran. Bàbá rẹ náà mọ èyí. Ẹni tó ń fi ṣakabùlà ṣọdẹ, tó jẹ́ pé bí ọta kan bá ti lọ, àtìki ẹ̀tù tún di iṣẹ́ tuntun, ó ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ sún mọ́ ẹran.

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí dáadáa rèé. Ìbọn ńlá máa ń gbá ẹni tó ń yìn ín léjìká. Bí .375 ṣe ń gbá èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti .30-06, .416 sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń rò pé ọ̀rọ̀ ìfaradà ni, pé ẹni tó bá jẹ́ akọ á gbà á mọ́ra. Ara kò gbọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta mẹ́rin tó bá ti dùn ún, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí dì kí ọta tó jáde, èjìká á sún síwájú láti pàdé ìbọn, ẹnu ìbọn á sì tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń yìn ín kò ní mọ̀, torí ariwo àti ìgbá náà bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á kàn rí i pé ọta bọ́ sí ìsàlẹ̀, á ní awò ìbọn ló bàjẹ́, á sì gbé e wá fún mi pé kí n tún un ṣe. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: mo máa kó ọta ẹ̀tàn tí kò ní ẹ̀tù pọ̀ mọ́ ọta gidi, mo máa ki ìbọn náà fún un láì jẹ́ kó rí èyí tí mo kì sí i, mo máa ní kó yìn ín. Bó bá kan ọta ẹ̀tàn, ìbọn kò ní dún, ṣùgbọ́n gbogbo wa á rí ẹnu ìbọn tó fò wálẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo ní láti bá jiyàn lẹ́yìn ìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ìbọn ṣe, .375 àlòkù ni ìbọn tó máa ń mọ́ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá tà. Àpótí ọta kan ló máa ń bá a wá, ogún ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rà á, ó sì máa ń ṣẹ́kù mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó yin ọta márùn-ún lórí tábìlì, tó wá gbé ìbọn bẹ́ẹ̀ wọ bàálù lọ bá kúdù, wàhálà ló gbé lọ.

Owó tó o fẹ́ fi ra ìbọn, mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fi ra ọta. Ọta tí ẹ ń lò fún àgbọ̀nrín, wọ́n ṣe é kó tètè fẹ̀, kó sì tètè fọ́, torí ara àgbọ̀nrín kò nípọn. Bí irú rẹ̀ bá bá eegun apá gemsbok pàdé, ó lè fọ́ yángá lábẹ́ awọ. Ọgbẹ́ náà á fẹ̀ lójú, kò ní jìn, ẹran á sì sá lọ. John Nosler, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, rí irú èyí ní 1946 ní ilẹ̀ Kánádà: ọta rẹ̀ kò wọlé tó lára ẹranko moose ńlá kan tí ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ lára. Ó padà sílé, ó ṣe ọta tí ògiri bàbà dá inú rẹ̀ sí méjì, tí iwájú á fẹ̀ bó bá ti kan ẹran, tí ẹ̀yìn á dúró ṣinṣin, á sì máa wọlé lọ. Ní 1948 ló bẹ̀rẹ̀ sí tà á, orúkọ rẹ̀ sì ni Partition títí dòní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú tí wọ́n lẹ òjé inú rẹ̀ mọ́ bàbà tó bò ó, kó má baà já sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti bàbà pátápátá, bíi Barnes TSX, tí kò ní òjé rárá. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní 180 grain, á ṣe iṣẹ́ rẹ. Èmi fẹ́ràn ti bàbà, torí àwọn ènìyàn máa jẹ ẹran yẹn, àwọn igún sì máa jẹ ìfun tó ṣẹ́kù nínú igbó, òjé sì ń pa igún. Ra irú méjì, àpótí kọ̀ọ̀kan, kó o wo èyí tí ìbọn rẹ gbà. Ìbọn kan lè kó ọta kan jọ sójú kan, kó sì fọ́n èkejì káàkiri, kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó o bá ti mọ èyí tó gbà, ra tó láti fi kọ́ṣẹ́ àti láti gbé lọ.

Ibi tó yẹ kí ọta bọ́ sí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́ ọ ní Texas. Níbẹ̀ wọ́n máa ń ní lẹ́yìn apá, kí ẹran èjìká má baà bàjẹ́. Lára kúdù àti gemsbok, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró sún síwájú, wọ́n sì wà nísàlẹ̀. Bí ẹran bá dúró ní ẹ̀gbẹ́, tọ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lọ sókè dé ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀, ibẹ̀ ni. Gemsbok ló ń tan àlejò jẹ jù, torí èjìká rẹ̀ ga bí ìké, ojú ẹni tí kò mọ̀ á gbé ọta lọ sókè jù. Ó tún jẹ́ ẹran tó lágídí. Bí ọta bá gba ikùn rẹ̀, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tí ẹ lè má mọ òpin rẹ̀, àwọn atọpasẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀gún títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó bá kán sílẹ̀, o ti sanwó ẹran yẹn, ì báà jẹ́ pé ẹ kò rí i mọ́. Gbogbo ilé ọdẹ ibẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jàre. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ẹni tó ro owó gemsbok tó sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́ kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iye tí wọ́n ń ta ọta tó dáa.

Kò sí tábìlì nínú igbó, kò sì sí ilé orí igi tí ẹ ń jókòó sí ní Texas. Ọdẹ tó ń fi yín mọ̀nà á gbé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ níwájú rẹ, á ní “yìn ín”, ẹran á ti máa wò yín. Ra irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ báyìí. Máa gbé ìbọn lé e lálaalẹ́ nínú ilé, lẹ́yìn tó o bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí o sì máa fà á títí ara á fi mọ̀ ọ́n. Bí o bá lè rí .22 yá, fi ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà, ọta rẹ̀ kò wọ́n, kì í sì í gbáni. Tún awò rẹ tò kí ọta máa bọ́ síbi tó o ń wò ní 200 yáàdì. Ní 100, á ga tó íǹṣì méjì. Ní 300, á ti lọ sílẹ̀ bí íǹṣì mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Má ṣe jẹ́ kí 300 wù ọ́ rárá, ẹran púpọ̀ ń kú láàárín 100 sí 200. Awò 3-9 (èyí tó ń mú ohun tóbi lójú ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́sàn-án) tó wà lórí ìbọn rẹ, bó bá jẹ́ òun náà ni, ó tó.

Ká ṣe òdodo sí àwọn ìbọn yòókù náà. .300 Winchester Magnum ń mú ọta kan náà sáré ju tìrẹ lọ díẹ̀. O ń fi ariwo àti èjìká san án padà, n kò sì rí kúdù tó mọ ìyàtọ̀. .375 jẹ́ ìbọn tó dára gan-an, bóyá òun ló wúlò jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe fún ilẹ̀ Áfíríkà. Bí o bá ń gbèrò ẹfọ̀n ní Zimbabwe lọ́jọ́ iwájú, òfin wọn ń béèrè ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kò dín ní 9.2 mm, tí agbára rẹ̀ kò dín ní 5.3 kílójúùlù. Ní Tànsáníà, .375 ni ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn kí o rà á, kí o sì fún ara rẹ ní ọdún kan pẹ̀lú rẹ̀ kó tó di pé o wọkọ̀ bàálù. .416 ọmọ tó ń ta ìbọn yẹn, jẹ́ kí òun náà kọ́kọ́ lọ bá ẹfọ̀n. Ó ku ìbọn yíyá. Ilé ọdẹ púpọ̀ ní ráífù tí wọ́n ń yá àlejò, owó kékeré lójúmọ́ àti owó ọta. Àǹfààní rẹ̀ ni pé gbogbo wàhálà ìwé ìbọn kò kàn ọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé o máa pàdé ìbọn náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdí ìbọn náà lè gùn jù fún ọwọ́ rẹ, ìfà rẹ̀ sì lè le.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò lè bá ọ dá lẹ́jọ́ láti ibi tí mo wà. Àlòkù lo pe ìbọn rẹ, n kò rí i. Gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, kó wo ọ̀nà inú rẹ̀, àwọn ìdè tó mú irin mọ́ igi, àti ibi tí awò jókòó lé. Bó bá sọ pé inú rẹ̀ ti jẹ, ra .30-06 tàbí .308 mìíràn. N kò yìnbọn sí erin rí, mi ò sì ní í ṣe, nítorí náà má fi ohun tí mo sọ nípa ìbọn ńlá ṣe àmọ̀ràn erin fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ yíyà sílé, òun gan-an ló sì máa pinnu bóyá o máa gbé ìbọn rẹ lọ tàbí o máa yá. Bí o bá ń gbé e lọ, gbé e dé ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò, láìsí ọta nínú rẹ̀, kí wọ́n bá ọ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù 4457, ìwé tó fi hàn pé ìbọn náà ti wà lọ́wọ́ rẹ kó o tó kúrò nílé. Òun ni ọlọ́pàá máa béèrè ní pápákọ̀ Hosea Kutako ní Windhoek kí wọ́n tó fún ọ ní àṣẹ ìgbà díẹ̀. Ọta kò gbọdọ̀ ju kílò márùn-ún lọ nínú bàálù, àpótí rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ sí ti ìbọn. Bó bá jẹ́ pé Johannesburg lo máa gbà, tí o sì máa gba ẹrù rẹ níbẹ̀, fọ́ọ̀mù SAPS 520 ti ọlọ́pàá South Africa tún wọ̀ ọ́. Gbogbo ìyẹn ṣeé ṣe. Èyí tí kò ṣeé ṣe ni Èkó. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ráífù ológun tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 7.62 mm tàbí .300 íǹṣì mọ́ àwọn ìbọn èèwọ̀. Ọta ogun Amẹ́ríkà sì ni .30-06 nígbà kan rí, láti 1906, 7.62 mm gan-an ni ẹnu rẹ̀. Àtìmọ́lé ni wọ́n ti máa gbọ́ àlàyé rẹ pé kúdù lo fi pa. Nítorí náà, bí Ìsẹ́yìn bá ṣe pàtàkì sí ọ lẹ́ẹ̀kan náà yìí, fi ìbọn sílẹ̀ ní Houston, kó o yá ti ilé ọdẹ. Kọ̀wé sí wọn báyìí, béèrè irú ìbọn tí wọ́n ní, irú ọta tí wọ́n ń ki sí i, bóyá awò wà lórí rẹ̀, kí o sì sọ fún wọn bó bá jẹ́ ọwọ́ òsì lo fi ń yìnbọn. Bí kò bá sì jẹ́ dandan, lọ tààrà, bọ̀ tààrà pẹ̀lú ìbọn rẹ, kó o wá lọ sílé lọ́dún. Má retí láti kó ẹran bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa jẹ ẹ́. Ìwo àti awọ nìkan ni tìrẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ àwọn dókítà ẹran, á pẹ́ tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Fọ́tò lo máa fi han àwọn ẹbí.